Kí Ẹ Tó Fi Ọ̀rọ̀ Hébérù Sára Báńà

Ẹ rìn láti Post Office lọ sí Challenge ní Ìlọrin, kí ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì àti sára báńà ìsọjí. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá Jehovah Jireh pàdé, tàbí Ebenezer, tàbí Rehoboth, El-Shaddai, Bethel, Shammah. Ẹni tó ń ta fóònù, ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń ta oògùn, èdè Hébérù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń pe ọjà wọn. Àdúgbò náà gan-an, ilé ìtàwé ló sọ ọ́ lórúkọ: Challenge ni àwọn míṣọ́nnárì SIM ń pe àwọn ilé ìtàwé wọn, èyí tó di ti ìjọ ECWA nígbẹ̀yìn.

Ẹni tó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ni mo kọ orí yìí fún, àti ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀, àti ẹni tó máa ń dìde níwájú ìjọ tí yóò ní, "Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí ní èdè Hébérù nìyí." Gbólóhùn yẹn wúwo. Ìjọ máa ń gbà á gbọ́ láìwádìí, torí pé ìwọ̀nba èèyàn ló lè wádìí rẹ̀. Nítorí náà, ọrùn ẹni tó sọ ọ́ ni ẹrù wà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹsẹ tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó bèèrè ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀: a ó gba ìtumọ̀ lẹ́nu oníwàásù kan lórí rédíò, a ó mú un lọ bá ẹni tó ń tẹ báńà, a ò sì ní dé ibi ẹsẹ rárá.

Ẹsẹ ni kó ṣáájú

Ẹ jẹ́ ká mú Jehovah Jireh, torí òun ló pọ̀ jù lójú títì. Jẹ́nẹ́sísì 22:14 ló wà, lórí òkè tí Ábúráhámù ti fẹ́ fi Ísáákì rúbọ. "Olúwa yóò pèsè" ni gbogbo èèyàn ń pè é, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níbẹ̀ kì í ṣe "pèsè." Ra’ah ni, tó túmọ̀ sí "rí," yir’eh sì ni "yóò rí." Ẹ padà sí ẹsẹ 8, níbi tí ọmọ ti ń bi bàbá rẹ̀ léèrè àgùntàn tí wọ́n máa fi rúbọ: ọ̀rọ̀ kan náà ni bàbá fi dá a lóhùn. Àwọn tó ń ṣe ìwé àlàyé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń lo ojú ewé púpọ̀ láti fi ṣàlàyé bí "rí" ṣe di "pèsè." Yorùbá kò nílò àlàyé yẹn. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ kan lọ bá àgbà, tó sì ti gbọ́ ọ tán, ohun tó máa sọ ni pé, "Mo ti gbọ́, màá rí sí i." Rírí wà níbẹ̀, pípèsè wà níbẹ̀, ìlérí náà sì wà níbẹ̀. Olúwa yóò rí sí i. Bí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, báyìí ni màá ṣe kọ ọ́ síwájú rẹ̀, ní Yorùbá.

Rehoboth náà, bí a bá dé ẹsẹ rẹ̀, ó yé wa kíá. Jẹ́nẹ́sísì 26:22: àwọn ìránṣẹ́ Ísáákì gbẹ́ kànga, àwọn darandaran Gérárì ní tiwọn ni, wọ́n gbẹ́ òmíràn, ìjà tún dé, ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹnikẹ́ni kò bá wọn jà mọ́, wọ́n wá pe kànga yẹn ní Rehoboth, ibi tó gbòòrò, ibi tí àyè ti gbà wá. Ẹni tó ti gba ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ rí yóò mọ ìdí tí orúkọ yìí fi dùn.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ wọn kò gbà kí a lò wọ́n bí a ṣe ń lò wọ́n. Mizpah ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn kan ń kọ ọ́ sórí káàdì ìgbéyàwó pé kí Olúwa máa ṣọ́ tọkọtaya nígbà tí wọ́n bá jìnnà síra. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 31 láti ìbẹ̀rẹ̀. Lábánì lé Jákọ́bù bá lójú ọ̀nà, ẹnì kìíní kò gba ẹnì kejì gbọ́, wọ́n kó òkúta jọ, wọ́n sì búra pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn kò ní ré ibẹ̀ kọjá láti ṣe èkejì ní ibi. Ilé ìṣọ́ ni mizpah túmọ̀ sí lóòótọ́. Àmọ́ ìṣọ́ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tí kò fọkàn tán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Jósẹ́fù àti Yúsúfù nínú agbo ilé kan

Ìlọrin ní àǹfààní tí ìlú púpọ̀ kò ní. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo, ẹ lè bá Jósẹ́fù àti Yúsúfù, Jákọ́bù àti Yákúbù, Dáfídì àti Dáúdà, Jónà àti Yúnúsà, Jóòbù àti Àyúbà, Ísáákì àti Ísíákà. Ẹnì kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kejì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀nà tí orúkọ wọn gbà wọlé ló yàtọ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ gùn. Láti èdè Hébérù, orúkọ náà wọ èdè Gíríìkì nígbà tí àwọn Júù bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìwé mímọ́ wọn ní Alẹkisáńdíríà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Láti Gíríìkì ó bọ́ sí Látìnì, láti Látìnì ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbà á fún wa. Láti nǹkan bí ọdún 1850 ni ìwé kọ̀ọ̀kan nínú Bíbélì tí wọ́n ń túmọ̀ ti ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Ibikíbi tí orúkọ yìí bá dúró sí lójú ọ̀nà, ó ń fi nǹkan sílẹ̀. Èdè Gíríìkì kò ní ìró ṣ, ni Ṣemu’el bá di Samuel, tí a sì gbà á bẹ́ẹ̀, àwa tí ṣ kún ẹnu wa. Èdè Hébérù kò ní ìró j. Y ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ Yosef àti Ya‘akov. Gẹ̀ẹ́sì ló fi j sí i, àwa náà sì ń pè é ní j títí dòní. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn atúmọ̀ wa fi ti Yorùbá kún un: v di f nínú Dáfídì àti Léfì, z di s nínú Sekaráyà àti Ésírà, ọ̀rọ̀ kò sì gbọdọ̀ parí sí kọ́ńsónáǹtì, ni Abraham bá di Ábúráhámù.

Ọ̀nà kejì kúrú díẹ̀. Èdè Lárúbáwá àti Hébérù, ọmọ ìyá ni wọ́n, àwọn àáfáà àti oníṣòwò ló sì gbé orúkọ wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí y fi wà ní ipò rẹ̀ nínú Yúsúfù àti Yákúbù. Ìyẹn kò ní kí a sọ pé ọ̀nà kejì kò sọ nǹkan nù. Ẹni tí Hébérù ń pè ní Yohanan, Yahya ni Lárúbáwá ń pè é. Ẹni tí a ń pè ní Jésù, tó jẹ́ Yeṣua‘ lédè tirẹ̀, Ísà ni wọ́n ń pè é. Ó sì ní ibi tí ìtumọ̀ ti pàdé láìjẹ́ pé orúkọ bára mu: Obadáyà ni "ìránṣẹ́ Yah," Abdullahi ni "ìránṣẹ́ Allah." ‘Ebed tó wà nínú ọ̀kan àti ‘abd tó wà nínú èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ wo ohun kan tí ọ̀pọ̀ Krìstẹ́nì kò fiyè sí. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń parí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmín, kò gba ọ̀nà àkọ́kọ́. Amen ni Hébérù ń sọ, amen ni Gíríìkì, amen ni Gẹ̀ẹ́sì. Āmīn ni Lárúbáwá. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì dé, wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Yorùbá, wọ́n sì gbà á, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gba àdúrà, àlùfáà, wòlíì àti ìwàásù. Àlàáfíà náà wà nínú wọn. Òun ni a fi ń túmọ̀ shalom, ṣùgbọ́n al-‘āfiya ló ti wá, tó jẹ́ ìlera. Ọmọ ìyá shalom gangan ni salām tí Mùsùlùmí fi ń kíni. Nítorí náà, tí ẹ bá ń kọ́ ènìyàn ní shalom, ẹ má fi mọ sí pé ogun kò sí. Ara tó dá, ilé tó tòrò, gbèsè tó tán, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, bí ó ti wà nínú ìkíni wa nígbà tí a bá bi ara wa pé, "Ṣé àlàáfíà ni?"

Lẹ́tà tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ

Lẹ́tà 22 ni Hébérù ní, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ ọ́ wá sí apá òsì, kọ́ńsónáǹtì sì ni gbogbo wọn. Ẹni tó fẹ́ kọ́ wọn kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sáàmù 119. Ẹsẹ 176 ló ní, ìsọ̀rí 22, ẹsẹ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Gbogbo ẹsẹ mẹ́jọ tó wà nínú ìsọ̀rí kan ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan náà ní Hébérù. Ẹni tó bá sì ti lọ sí ilé kéwú rí, tó sì mọ bí àwọn àáfáà ṣe ń fi lẹ́tà ka iye, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ètò abjad tí wọ́n ń lò yẹn, láti alif títí dé nun, lẹ́tà 14, bó ṣe tò ní Hébérù gẹ́lẹ́ nìyẹn: alef, bet, gimel, dalet, ó ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni lẹ́tà méjì, alef àti ayin. Alef ni ohun tí Lárúbáwá ń pè ní hamza, ayin sì ni ‘ayn, tí wọ́n ń fà jáde láti inú ọ̀fun. Gẹ̀ẹ́sì kò ní èyíkéyìí nínú wọn, Yorùbá náà kò ní, torí náà nígbà tí orúkọ bá dé ọ̀dọ̀ wa, méjèèjì ti pòórá. Nínú ìwé yìí mo ń fi àmì ’ dípò alef, mo sì ń fi ‘ dípò ayin. Ẹ wo ohun tí àìkọ wọ́n ń fà.

Báńà kan sọ pé Jehovah Rohi, òmíràn sọ pé El Roi. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀kan ni wọ́n, mo sì ti gbọ́ ìwàásù tó lo ìtumọ̀ ọ̀kan fún èkejì. Àkọ́kọ́ wá láti Sáàmù 23:1: ro‘i, pẹ̀lú ayin, "olùṣọ́-àgùntàn mi." Èkejì wá láti Jẹ́nẹ́sísì 16:13, ohun tí Hágárì pe Ọlọ́run lẹ́bàá ìsun omi nínú aginjù: ro’i, pẹ̀lú alef, láti ara ra’ah tí a rí nínú Jireh, Ọlọ́run tó ń rí mi. Dída ẹran lọ́tọ̀, rírí lọ́tọ̀. Ẹ bi ọmọ ilé kéwú léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín ra‘ā pẹ̀lú ‘ayn àti ra’ā pẹ̀lú hamza. Yóò sọ fún yín pé àkọ́kọ́ ni kí a da ẹran, èkejì ni kí a rí. Ìyàtọ̀ kan náà ni, lẹ́tà kan náà ló sì fà á. Mo gba àwọn olùkọ́ Bíbélì tó wà ní Ìlọrin níyànjú pé kí wọ́n má tijú láti bi aládùúgbò wọn tó jẹ́ àáfáà. Kò sí ohun tó kan ẹ̀sìn nínú pé kí ẹnì kan pe ‘ayn kí a gbọ́ bí ó ṣe ń dún.

Àmọ́ kí a ṣọ́ra. Ọmọ ìyá kì í ṣe ìbejì. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní Hébérù jẹ́ bet, ilé, àti leḥem, búrẹ́dì: ilé búrẹ́dì. Ní Lárúbáwá, bayt náà ni ilé, ṣùgbọ́n ẹran ni laḥm. Oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì níbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wá fi pe ohun tó kà sí oúnjẹ jù. Ẹni tó bá fi Lárúbáwá nìkan túmọ̀ ìlú Dáfídì yóò sọ ọ́ di ìsọ̀ alápatà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Roi ló ṣẹlẹ̀ sí Rapha tó wà nínú Jehovah Rapha. Rapha’ tó parí sí alef ni wíwò sàn, Ẹ́kísódù 15:26 ló sì wà. Raphah tó parí sí lẹ́tà he ni dídẹ̀, jíjọ̀wọ́ nǹkan kí ọwọ́ rọ̀. Òun ni ó wà nínú Sáàmù 46:10, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí àwọn ènìyàn dúró jẹ́ẹ́. Mo gba gbogbo oníwàásù níyànjú kí wọ́n má so ẹsẹ méjèèjì yìí pọ̀ nítorí pé wọ́n dún bákan náà lẹ́nu wa.

Fáwẹ̀lì méje

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kọ́ńsónáǹtì nìkan ló wà nínú ìwé mímọ́ Hébérù, ẹnu àwọn òǹkàwé ni fáwẹ̀lì wà. Yorùbá tí kò lámìí ohùn ló dà bí rẹ̀: a rí "igba" lójú ewé, a sì gbọ́dọ̀ ti inú gbólóhùn mọ̀ bóyá igba owó ni, igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí ìgbà tí ń lọ. Láàárín nǹkan bí ọdún 600 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Jésù, àwọn ọ̀mọ̀wé Júù kan ní ìlú Tìbéríà, àwọn tí a ń pè ní Masoretes, fi àmì kéékèèké sábẹ́ lẹ́tà àti sórí rẹ̀ kí kíkà náà má baà sọnù. Odindi ìwé tó pẹ́ jù tí àmì wọn wà nínú rẹ̀, ọdún 1008 ni wọ́n kọ ọ́. Leningrad Codex ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó yẹ kí gbogbo Yorùbá tó ń kọ́ Hébérù mọ̀, tí mi ò mọ ìdí tí wọn kì í fi sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì, ni pé fáwẹ̀lì méje ni àwọn ará Tìbéríà fi àmì sí. I, e, ẹ, a, ọ, o, u. Méje tiwa gan-an ni. Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi lẹ́tà kan ya e àti ẹ sọ́tọ̀, àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ Hébérù sì ní láti máa fa ìlà sórí lẹ́tà. Àwa ti ní i. Ọba ni mẹlẹk. Òkúta ni ’ẹbẹn, ìrànlọ́wọ́ ni ‘ezẹr, méjèèjì ló para pọ̀ di Ebenésérì: ẹ wò ó bí ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ àti alef, tí èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú e àti ayin.

Shammah ló fi àǹfààní yìí hàn jù. Ìsíkíẹ́lì 48:35, ẹsẹ tó kẹ́yìn ìwé náà, ló fi orúkọ yẹn pe ìlú: Olúwa wà níbẹ̀. Jeremáyà 25:9 náà ní shammah, ṣùgbọ́n ahoro ni ti ibẹ̀, ibi tí a pa run tí ẹni tó rí i ń bẹ̀rù. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, wọn kò yàtọ̀. Bí a bá fi lẹ́tà Yorùbá kọ ohun tí àwọn ará Tìbéríà pè, ṣọmmọ ni "níbẹ̀," ṣammọ ni "ahoro." Fáwẹ̀lì kan péré ló ya ìlú Ọlọ́run sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú tó dahoro.

Ní Ísírẹ́lì lónìí, fáwẹ̀lì márùn-ún ni wọ́n ń pè, ọ tí mo ń sọ yìí ti di a lẹ́nu wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bá Júù òde òní sọ̀rọ̀, ẹ fi a pè é. Bí ẹ bá ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé, ẹ fi ọ kọ ọ́.

Ẹ rántí Onídàájọ́ 12:6 pẹ̀lú. Àwọn ará Gílíádì dúró létí odò Jọ́dánì, wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ kọjá pe Ṣíbólẹ́tì. Àwọn ará Éfúráímù ń pè é ní Síbólẹ́tì, ẹgbàá mọ́kànlélógún ènìyàn ló sì kú. Èdè Gíríìkì kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn. Yorùbá lè fi hàn, nítorí àwa náà ń fi ṣ àti s mọ ibi tí ènìyàn ti wá. Ẹ bi ẹni tó bá ti bá ará Ìbàdàn ná ọjà rí.

Nígbà tí Bíbélì fúnra rẹ̀ bá sọ ìtumọ̀

Orúkọ Hébérù ń sọ̀rọ̀ bí orúkọ wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Ta ló dà bí Ọlọ́run? Ìbéèrè náà ni orúkọ Máíkẹ́lì, Taniítolúwa sì ni tiwa. Jákọ́bù tó jáde pẹ̀lú ọwọ́ lára gìgísẹ̀ arákùnrin rẹ̀, tí wọ́n sì ti ara gìgísẹ̀, ‘akev, sọ ọ́ lórúkọ, àmútọ̀runwá ni tirẹ̀ bíi ti Ìgè àti Àjàyí. Ísáákì ni "ó rẹ́rìn-ín." Ṣùgbọ́n àlàyé tó wà nínú ìtàn kì í fi gbogbo ìgbà bá gírámà mu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jà.

Ní 1 Sámúẹ́lì 1:20, Hánà ní òun béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ Olúwa. Kí a bèèrè, ṣa’al ni. Ṣùgbọ́n ṣem, orúkọ, àti ’el, Ọlọ́run, ni a rí nínú Ṣemu’el. Orúkọ tó jáde láti ara ṣa’al ni Ṣa’ul, Sọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì wà lẹ́nu Hánà ní ẹsẹ 28. Kì í ṣe pé ẹni tó kọ ìwé náà kò mọ Hébérù. Ó ń jẹ́ kí etí wa gbọ́ Sọ́ọ̀lù kí Sọ́ọ̀lù tó dé. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Bábélì: Jẹ́nẹ́sísì 11:9 so ó mọ́ balal, dída nǹkan rú, nígbà tó jẹ́ pé "ẹnu ọ̀nà ọlọ́run" ni àwọn ará ìlú náà ń pe ìlú wọn. Jábésì ní 1 Kíróníkà 4:9 náà: ìrora ni ‘otsẹb, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn ti pa ààyè dà nínú orúkọ rẹ̀, Ya‘bets.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sọ méjèèjì fún ìjọ. Ẹ sọ ohun tí ìtàn sọ, torí òun ni ìwé mímọ́ fẹ́ kí a gbọ́. Ẹ sọ ohun tí lẹ́tà sọ pẹ̀lú, kí ọmọ yunifásítì tó jókòó lẹ́yìn má baà rò pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́.

Irinṣẹ́

Ìwé James Strong, tó jáde ní ọdún 1890, ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́, lórí fóònù nínú Blue Letter Bible àti lórí kọ̀ǹpútà nínú e-Sword. Ó fún gbogbo ọ̀rọ̀ Hébérù ní nọ́ńbà: 7462 ni dída ẹran, 7200 ni rírí. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, bó ti wù kí wọ́n dún jọ tó. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James ni nọ́ńbà yìí so mọ́, nítorí náà ẹ fi ẹsẹ Yorùbá wá ẹsẹ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó wo nọ́ńbà. Bí ẹ bá sì ṣí Bíbélì Hébérù, nọ́ńbà ẹsẹ lè yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n ń ka àkọlé Sáàmù mọ́ ẹsẹ, nítorí náà Sáàmù 51:1 tiwa ni 51:3 tiwọn. Málákì tiwa ní orí mẹ́rin, tiwọn ní mẹ́ta.

Strong kì í ṣe olùkọ́. Ó ń to gbogbo ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ lè ní kalẹ̀, kò sọ èyí tó ní nínú ẹsẹ tí ẹ ń kà. James Barr, ọ̀mọ̀wé Bíbélì, kìlọ̀ nípa èyí nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1961: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá kọ́ ló ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀, bí a ṣe lò ó ni. Ruaḥ lè jẹ́ afẹ́fẹ́, ó lè jẹ́ èémí, ó lè jẹ́ ẹ̀mí. Ní Ìsíkíẹ́lì 37 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ èyí tó ń lò. Ẹ má kó gbogbo wọn sínú ẹsẹ kan. Sẹ́là tó wà nígbà 71 nínú Sáàmù àti nígbà mẹ́ta nínú Hábákúkù, àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fẹnu kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀ títí di òní, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀kọ́ ka orí rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ jinlẹ̀ kò ní láti kúrò ní Kwara. Ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ECWA ní Ìgbàjà ti wà láti ọdún 1941, ìjọ UMCA náà ní tirẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàwé níbẹ̀ kí ẹ tó bèèrè lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti kíkọ, ẹ fi ṣ kọ lẹ́tà shin, ẹ fi y kọ lẹ́tà yod, ẹ fi ẹ àti ọ síbi tí wọ́n bá wà, kí ẹ sì fi ’ àti ‘ ya alef àti ayin sọ́tọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́ yín. Orúkọ tó ti mọ́ni lára nínú Bíbélì, bíi Sámúẹ́lì àti Jósẹ́fù, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìjọ ti fi wọ́n gbàdúrà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Bí ẹ bá ń lọ tẹ báńà ní Challenge, ẹ kọ orúkọ náà, ẹsẹ rẹ̀ àti nọ́ńbà Strong rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, kí ẹ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ní kó fi ẹsẹ náà sábẹ́ orúkọ, níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ á ti lè kà á.